ÌJÀKADÌ ỌMỌ TÍ Ó ṢÌNÀ

Bí a bá dárúkọ Ọ̀fà, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọmọ Yorùbá ni ìjàkadì. Òun ni a fi ń ki ọmọ ìlú náà, òun ni wọ́n sì fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá ti wo ìjàkadì rí mọ̀ pé kì í ṣe agbára nìkan ni a fi ń jà á. Ẹlòmíràn a ki pọ́pọ́ bí ìtì igi, ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ a sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀, nítorí tí ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ náà mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn àti ìgbà tí ó yẹ kí òun rọ̀ mọ́ ẹni tí ó ń bá òun jà. Ṣùgbọ́n ìjàkadì kan wà tí kò ní onílù, tí kò ní òǹwòran, tí ó sì le ju gbogbo ìjàkadì ojú agbo lọ. Èyíinì ni ti ọ̀dọ́ tí ó ti rú òfin, tí a ti fi sí ilé àtúnṣe, tí ó sì fẹ́ di ènìyàn rere. Ara rẹ̀ ni ó ń bá jà, kò sì sí ọjọ́ kan tí a fún ara náà ní ìsinmi kí ó tó tún dìde sí i.

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo láti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin yóò kọjá ní Gánmọ̀ kí ó tó wọ ìlú. Ní Gánmọ̀ yìí ni ọ̀kan nínú àwọn ilé Borstal mẹ́ta tí ó wà ní Nàìjíríà wà. Èkejì wà ní Kàdúná, ẹ̀kẹta sì wà ní Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gba ọ̀nà náà kọjá pẹ̀lú ẹrù ọ̀dùnkún àti iṣu, a kò sì bi ara wa léèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ògiri. Nítorínáà ni a ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé wa ti ọdún yìí, kí bàbá, ìyá, ọ̀gá oníṣẹ́ àti olórí ìjọ lè rò ó.

IBI TÍ ORÚKỌ NÁÀ TI WÁ

Borstal kì í ṣe orúkọ ìyà. Orúkọ abúlé kan ni, lẹ́bàá ìlú Rochester ní ẹkùn Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí ọdún 1895 àwọn ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n wò rí i pé ọ̀pọ̀ ògbólógbòó ọ̀daràn ni ó jẹ́ pé láàárín ọdún mẹ́rìndínlógún sí mọ́kànlélógún ni wọ́n ti wọ ọ̀nà náà. Ọmọ tí ó jí aṣọ lónìí, bí a bá tì í mọ́ ibi tí àwọn àgbà olè wà, yóò kọ́ bí a ti ń fọ́ ilé kí ó tó jáde. Ẹ̀wọ̀n tí ìbá dá a lẹ́kun ni yóò di ilé ẹ̀kọ́ olè fún un.

Ọ̀gbẹ́ni Evelyn Ruggles-Brise, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ń bójú tó ẹ̀wọ̀n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, gbà pé ó yẹ kí a ya àwọn ọ̀dọ́ sọ́tọ̀. Ní ọdún 1902 ó kó wọn sí ilé kan ní abúlé Borstal, ó fún wọn ní iṣẹ́ ọwọ́, ìwé kíkà àti ìlànà tí ó le ṣùgbọ́n tí ó ní ìdí. Ní ọdún 1908 ìjọba sọ ọ́ di òfin. Láti ìgbà náà ni orúkọ abúlé yìí ti di orúkọ gbogbo ilé irú rẹ̀ káàkiri àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso.

Ẹnìkan tí ó tún mú iṣẹ́ náà tẹ̀síwájú ni Alexander Paterson, tí ó wọ ìgbìmọ̀ ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1922. Ìgbàgbọ́ ọkùnrin yìí ni pé a kò lè kọ́ ènìyàn ní bí a ti ń lo òmìnira nípa títì í mọ́lé nìkan. Ní ọdún 1930, nǹkan bí ogójì ọmọkùnrin àti àwọn tí ń ṣe àkóso wọn fi ẹsẹ̀ rìn láti Feltham lẹ́bàá London títí dé Lowdham ní ẹkùn Nottingham. Ọjọ́ púpọ̀ ni wọ́n fi rìn, wọ́n ń sùn lójú ọ̀nà. Nígbàtí wọ́n dé ibẹ̀, kò sí odi, kò sí ilé tí ó ń dúró dè wọ́n. Àgọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ilé tí wọn yóò máa gbé. Ní ọdún 1935, àwọn mìíràn tún rìn láti Stafford lọ sí etí òkun ní ẹkùn Lincoln. Ilẹ̀ àbàtà tí omi òkun ń bò ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n mọ òdì, wọ́n dí omi, wọ́n sì sọ ibi tí ẹja ń wẹ̀ di oko ọ̀gbìn. Àgbẹ̀ tí ó bá ka èyí yóò mọ irú iṣẹ́ tí ó jẹ́. Ọmọ tí ó ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òkun kò lè gbà gbọ́ mọ́ pé ọwọ́ òun kò wúlò fún nǹkankan àfi olè jíjà.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ dé òpin. Nígbàtí ó ṣe, àwọn ilé wọ̀nyí kún jù, ìlànà borí ìfẹ́, àwọn tí ó sì ń padà sínú ẹ̀ṣẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde ń pọ̀ sí i. Òfin ọdún 1982 ni ó fi òpin sí Borstal nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ilé kì í tún ènìyàn ṣe. Àwọn ènìyàn tí ó wà nínú ilé ni ó ń ṣe é.

BÍ Ó ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Kí àwọn òyìnbó tó dé, a kò ní ilé àtúnṣe, ṣùgbọ́n a ní àtúnṣe. Bí ọmọ bá ń yọ ọwọ́ nínú ìkòkò ọlọ́bẹ̀, tí ó ń jí ẹyin adìẹ aládùúgbò, baálé a pe ẹbí jọ. Wọn a mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí ó wà ní oko ọ̀nà jíjìn, níbi tí kò ti mọ ẹnìkan tí yóò bá ṣe ìpàǹpá. Níbẹ̀ ni yóò ti máa kọ ebè títí orí rẹ̀ yóò fi wálẹ̀. Ohun méjì ni ó wà nínú ọgbọ́n àwọn baba wa yìí: a mú ọmọ kúrò láàárín ẹgbẹ́ búburú, a kò sì mú un kúrò lọ́wọ́ ẹbí.

Nígbàtí ọ̀nà rélùwéè dé Ọ̀fà tí ó sì gba ibẹ̀ kọjá dé Ìlọrin ní ọdún 1908, ayé yí padà. Ọjà gbilẹ̀, ọlá dé, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà tí ń gbé ẹrù lọ sí Èkó ni ó ń gbé ọmọ tí ó sá kúrò nílé lọ pẹ̀lú. Ní Èkó, àwọn ọmọ tí kò ní ẹbí ń sùn ní ìsọ̀ ọjà àti lábẹ́ àjà ilé, wọ́n ń ru ẹrù lọ́sàn-án, wọ́n sì ń di jàgùdà lóru. Ẹgbẹ́ Ológun Ìgbàlà, tí ó dé Èkó ní ọdún 1920, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ na ọwọ́ sí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, nípa ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn ní Yábàá. Ìjọba náà dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ọmọ ẹlẹ́ṣẹ̀ sílẹ̀ ní Enugu láàárín ọdún 1930 sí 1935. Ní ọdún 1941 a yan Donald Faulkner láti bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìgboro Èkó. Ní ọdún 1943 òfin nípa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jáde, èyí tí ó fi ilé ẹjọ́ ọ̀tọ̀ lélẹ̀ fún wọn. Ní ọdún 1944 Alexander Paterson tí a ti dárúkọ kọ ìròyìn lórí ẹ̀wọ̀n àti ìwà ọ̀daràn ní Nàìjíríà.

Òfin Borstal fún Nàìjíríà jáde ní ọdún 1960, a sì ṣí ti Kàdúná ní ọdún 1962. Òfin náà sọ pé ọ̀dọ́ tí ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún ṣùgbọ́n tí kò tí ì pé mọ́kànlélógún, tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí ó tó ẹ̀wọ̀n, ni a lè rán lọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àtúnṣe, kí ó má sì ju ọdún mẹ́ta lọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003 fi kún un pé a kò gbọ́dọ̀ dá ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjìdínlógún ní ẹjọ́ ẹ̀wọ̀n tàbí ti ikú, a kò sì gbọ́dọ̀ nà án ní ẹgba ilé ẹjọ́. Ní ọdún 2019 ni a yí orúkọ ẹ̀ka ìjọba tí ń ṣàkóso ẹ̀wọ̀n padà, tí a kò pè é ní ti ẹ̀wọ̀n mọ́ bí kò ṣe ti àtúnṣe ìwà. Orúkọ rere ni. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ bá orúkọ mu.

ÌṢUBÚ MẸ́RIN

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọ kan. Kì í ṣe ẹnìkan pàtó. A fi í dúró fún ọ̀pọ̀ ni. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ti ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ó sì sá fún ọ̀gá rẹ̀. Ó bá àwọn tí ń mu igbó kẹ́gbẹ́, àwọn ni wọ́n sì jọ fọ́ ìsọ̀ obìnrin kan lóru, tí wọ́n kó owó àti fóònù. Ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ̀ ẹ́. Àwọn yòókù sá lọ. Adájọ́ rán an lọ sí ilé àtúnṣe. Ìṣubú mẹ́rin ni ó ń dúró dè é níbẹ̀.

Èkínní ni ti ara. Ẹni tí ó ti ń mu igbó, tí ó ti ń gbé tramadol tàbí omi ikọ́ tí codeine wà nínú rẹ̀ mì, ara rẹ̀ ti di gbèsè. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní lè sùn. Òógùn a bò ó, inú a máa run ún, ara a máa ro ó bí ẹni tí a lù, ìbínú a sì máa bú jáde lórí ohun tí kò tó nǹkan. Àwọn tí kò mọ̀ a máa pè é ní ẹ̀mí burúkú tàbí orí kunkun. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Kì í ṣe àwọn ọmọ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, nítorí ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde nípa Nàìjíríà, èyí tí a ṣe ní ọdún 2018, fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ènìyàn láàárín ọdún 15 sí 64 ni ó ti lo oògùn olóró láàárín ọdún kan.

Èkejì ni ti ẹgbẹ́. Nínú yàrá tí ọmọ púpọ̀ ń sùn sí, ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìwé ni a ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó bá kúnlẹ̀ gbàdúrà, wọn a sọ ọ́ ní àpọ́sítélì. Kò rọrùn fún ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún láti dá dúró. Ẹni tí ó ti dàgbà tán kò rọrùn fún.

Ẹ̀kẹta ni ti iṣẹ́. A mú ọmọ wa yìí lọ sí ìsọ̀ káfíńtà, a sì ní kí ó kan àpótí ìjókòó. Nígbàtí ó kàn án tán, ẹsẹ̀ kan gùn ju ìyókù lọ, àpótí náà sì ń mì. Ó fi ayùn gé ẹsẹ̀ tí ó gùn. Ó gé e jù. Ó tún gé àwọn mẹ́ta yòókù kí wọ́n lè bá a mu. Wọn kò bára mu síbẹ̀. Bí ó ti ń gé e lọ bẹ́ẹ̀ ni àpótí ń kúrú, títí ó fi di ohun tí adìẹ lè bà lé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ní ìgboro, ọjọ́ náà ni ìbá sọ ayùn sílẹ̀ tí ìbá sì sá lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti sá fún ọ̀gá rẹ̀ mẹkáníìkì. Níbí kò sí ibi tí yóò sá sí. Olùkọ́ gbé igi mìíràn lé e lọ́wọ́, ó ní, “Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí o tó gé e lẹ́ẹ̀kan.” Kò sí ìwàásù nínú gbólóhùn yìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwàásù kò tó o. Ayé ọmọ náà ni gígé láìwọ̀n.

Ẹ̀kẹrin ni ó le jù, èyíinì ni ti àìnírètí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí ó ti ń ṣe dáadáa, ó fi ọṣẹ rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ sìgá, wọ́n sì mú un. Wọ́n gba àǹfààní tí wọ́n ti fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ohùn kan sọ nínú rẹ̀ pé, “Mo ti sọ fún ọ. Olè ni ọ́, olè ni ìwọ yóò kú sí.” Ọjọ́ àbẹ̀wò sì dé, àwọn ìyá ẹlòmíràn gbé oúnjẹ wá, ẹnìkan kò wá láti ilé tirẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ibí yìí ni ìjàkadì náà ti yàtọ̀ sí ti ojú agbo. Lójú agbo, bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kan ilẹ̀, ó parí. Nínú ìjàkadì ìwà, ẹni tí ó bá kọ̀ láti dìde nìkan ni a dá. Ọmọ tí ó mu sìgá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kò padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́fà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ẹyẹ jẹ ebè kan nínú àgbàdo rẹ̀ kì í fi iná sun oko. Bí ẹnìkan bá wà tí yóò sọ èyí fún un ní alẹ́ náà, ìbáà ṣe wọ́dà, olùkọ́, àlùfáà tàbí ìyá tí ó wọ mọ́tò wá láti Ọ̀fà, a lè gba ọmọ náà là.

ỌMỌ TÍ Ó YIN ÌBỌN NÍ ÌPARÍ ỌDÚN

Bí ẹnìkan bá ń ṣiyèméjì pé ohun rere lè ti irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde, kí ó gbọ́ ti ọmọkùnrin dúdú kan ní ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà. Louis Armstrong ni orúkọ rẹ̀. Òtòṣì ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1912, nígbàtí gbogbo ìlú ń ṣe àríyá, ọmọ yìí, ẹni ọdún mọ́kànlá, mú ìbọn ìléwọ́ jáde láti ilé, ó sì yìn ín sókè ní òpópó. Ọlọ́pàá mú un. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1913 a rán an lọ sí ilé àwọn ọmọ dúdú tí kò ní olùtọ́jú, èyí tí Ọ̀gágun Joseph Jones ń ṣàkóso.

Olùkọ́ orin kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Peter Davis. Ní ìbẹ̀rẹ̀, olùkọ́ yìí kò fẹ́ràn Louis rárá, nítorí àdúgbò tí ó ti wá. Ó rò pé ọmọ tí ó bá ti irú ibẹ̀ wá kò lè dára. Ọmọ náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbọ́ orin. Nígbàtí ó pẹ́, Davis fi sámbà lé e lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ìlù, lẹ́yìn náà fèrè tí a fi ń jí àwọn ọmọ lówùúrọ̀, ní ìkẹyìn ó kọ́ ọ ní fèrè kọ̀nẹ́ẹ̀tì, ó sì fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ afunfèrè ilé náà. Ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ náà fi orin gba àdúgbò tí Louis ti wá kọjá, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní ọmọ ìgboro sáré jáde wò ó, wọ́n sì dá owó fún wọn.

Ní ọdún 1914 a dá a sílẹ̀. Ọlá kò dé lọ́jọ́ kan. Ó fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tà èédú káàkiri ìlú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó kọ́ kò fi í sílẹ̀, títí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1931 ó padà lọ bẹ ilé àtúnṣe náà wò, ojú kò tì í. Ní ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ó fun fèrè rẹ̀ nílẹ̀ wa níhìn-ín.

Ẹ kíyèsí i. Kì í ṣe ògiri ni ó yí i padà. Olùkọ́ kan tí ó ní ẹ̀tanú, tí ó sì gbà kí ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí borí ẹ̀tanú náà, ni a fi yí i padà.

NÍGBÀTÍ Ó BÁ PADÀ SÍ Ọ̀FÀ

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bínú sí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ní ìdí. Ọ̀fà kò lè gbàgbé ọjọ́ 5 oṣù April ọdún 2018, nígbàtí àwọn adigunjalè wọ ìlú, tí wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá àti báǹkì márùn-ún, tí wọ́n sì pa ènìyàn tí ó lé ní ọgbọ̀n, ọlọ́pàá mẹ́sàn-án sì wà nínú wọn. Ní ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin dá ẹjọ́ ikú fún márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ lọ gba owó ní báǹkì tí kò padà wálé, kí ni a fẹ́ sọ fún un nípa àánú sí ọmọ tí ó fọ́ ìsọ̀?

A kò ní kí ẹnikẹ́ni pe ibi ní rere. Obìnrin tí a fọ́ ìsọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí owó rẹ̀ àti sí ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí àwọn tí ó kú gan-an ni ó fi yẹ kí a kíyèsí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà kúrò lọ́nà. Láti kékeré ni a ti í pa ẹ̀ka ìrókò; bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọmọ náà yóò jáde dandan, nítorí òfin kò gbà kí a fi í síbẹ̀ títí ayé. Ìbéèrè náà ni irú ènìyàn tí yóò jẹ́ nígbàtí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní gáréèjì Ọ̀fà, àti ẹni tí yóò bá níbẹ̀. Bí gbogbo ilẹ̀kùn bá tì, ilẹ̀kùn kan kì í tì: ti àwọn tí wọ́n jọ fọ́ ìsọ̀ lọ́jọ́sí. Àwọn yóò fi ayọ̀ gbà á, wọn yóò fún un ní oúnjẹ, wọn kì yóò sì bi í léèrè ibi tí ó ti wá. Ó jẹ́ ohun ìtìjú fún ìjọ Ọlọ́run bí àwọn olè bá mọ àlejò ṣe jù ú lọ.

Gbogbo àgbẹ̀ Ọ̀fà mọ bí a ti ń gbin ọ̀dùnkún. A kì í gbin ohun tí a jẹ. Ìtàkùn ni a ń gé, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, lára èyí tí ara rẹ̀ dá. A kó o sí abẹ́ ìbòji fún ọjọ́ kan tàbí méjì, a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ebè nígbàtí ilẹ̀ bá tutù. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tí kò mọ̀ yóò sọ pé ó ti kú: ewé rẹ̀ rọ, ó sùn sílẹ̀. Àgbẹ̀ kì í fà á tu. Ó mọ̀ pé nísàlẹ̀, níbi tí ojú kò rí, gbòǹgbò ń yọ ní oríkèé. Bí ọ̀dá bá mú un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà, yóò kú nítòótọ́. Bí ó bá rí omi, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún a ó wa ebè náà, a ó sì rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó ti ilé àtúnṣe dé dà bí ìtàkùn náà. Àwọn oṣù àkọ́kọ́ ni ó ń fẹ́ omi.

OHUN TÍ OLÚKÚLÙKÙ LÈ ṢE

1. Fún òbí. Má ṣe mú ọmọ lọ sí ilé àtúnṣe láti sọ ọ́ nù. Àwọn òbí kan wà tí ó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni ó fa ọmọ lé ìjọba lọ́wọ́ pé apá àwọn kò ká a. Bí ó bá di dandan, lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Owó mọ́tò láti Ọ̀fà dé Gánmọ̀ kò tó ohun tí a ń ná sí aṣọ ẹgbẹ́ kan. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi í fà á mọ́ra.

2. Fún ẹbí. Kí ó tó jáde, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀. Ẹ tọrọ àforíjì, ẹ san ohun tí ẹ lè san, kí ọmọ náà sì mọ iye tí ó jẹ́ àti bí òun yóò ti san án padà díẹ̀díẹ̀ láti inú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìdáríjì tí kò ní ẹ̀san nínú kì í pẹ́.

3. Fún ọ̀gá oníṣẹ́. Káfíńtà, télọ̀, wẹ́dà, ẹ gba ọ̀kan. Ẹ ka irin iṣẹ́ fún un lówùúrọ̀, kí ẹ sì kà á gbà ní ìrọ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ iṣẹ́. Má fún un ní kọ́kọ́rọ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Má sì kọ̀ láti fún un ní ọjọ́ tí ó bá tọ́ sí i.

4. Fún ìjọ àti àwọn arákùnrin wa Mùsùlùmí. Ẹ má ṣe pè é síwájú láti jẹ́rìí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tí a ń pè ní “olè àná” lójoojúmọ́ kò lè gbàgbé àná. Ẹ fún un ní iṣẹ́ ṣe: kí ó tún àga ṣe, kí ó gbá àgbàlá, kí ó kọ́ àwọn kékeré.

5. Nípa ìlera. Ẹni tí ó ti ń lo tramadol pẹ́ kò gbọ́dọ̀ dá ìtọ́jú ara rẹ̀ ṣe, nítorí ó lè mú gìrì wá, ìbáà ṣe nígbàtí a bá lò ó jù, ìbáà ṣe nígbàtí a bá já a lójijì. Ilé ìwòsàn ni kí a mú un lọ. A kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀wọ̀n so ó mọ́lẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ nà án láti fi wò ó. Omi púpọ̀, oúnjẹ tí ó ní ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ nínú, iṣẹ́ òwúrọ̀ nínú oòrùn àti oorun ní àkókò kan náà lóròòru yóò ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá ti ibi tí ọ̀pọ̀ ń sùn pọ̀ sí bọ̀ tí ara rẹ̀ sì ń yún un lóru, kí a yẹ̀ ẹ́ wò fún kúrùnà; gbogbo ará ilé ni kí ó lo oògùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a sì fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti ìbora, kí a sá wọn sí oòrùn.

6. Fún ọ̀dọ́ náà fúnra rẹ̀, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ. Má ṣe dúró kí ìlú fẹ́ràn rẹ kí o tó ṣe rere. Dìde ní kùtùkùtù. San gbèsè rẹ. Sọ òtítọ́ nígbàtí ó bá pa ọ́ lára. Bí o bá ṣubú, má ṣe dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí o máa ka iye ìgbà tí o ti ṣubú.

Onésímù tí Pọ́ọ̀lù rán padà sọ́dọ̀ Fílémónì jẹ́ ẹni tí ó ti sá kúrò ní ilé olówó rẹ̀. Pọ́ọ̀lù kò sọ pé kò jẹ gbèsè. Ó ní kí a kọ gbèsè náà sí òun lọ́rùn. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀fà ń fẹ́ ní ọdún yìí, ìbáà ṣe ẹnìkan ṣoṣo ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, tí yóò lè dúró níwájú aládùúgbò rẹ̀ kí ó sì wí pé: “Ọmọ yìí ń bọ̀ ní ọjọ́ báyìí. Èmi ni mo dúró fún un.”